Méjìdínláàádọ́rùn-ún Lọ́nà Mẹ́ta

Ọkùnrin kan wà tí kò lè rí àyè òfìfo lórí ìwé kó má kọ nǹkan sí i. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́yìn kàǹtà ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tó sì ń dá a padà fún wọn bí wọ́n bá fo ìlà kan péré. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, orúkọ náà kò bá a fẹ̀yìn tì.

Ó ní àbúrò obìnrin kan. Aránṣọ ni, ó ku ọdún kan kó pé àádọ́ta, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà ní yunifásítì ní ìlú mìíràn. Ìyàwó Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù ló sọ aránṣọ yìí ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí pé nígbà náà, bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, wọn á ní kí ọmọ náà yáa di ilẹ̀kùn mú. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà pàápàá ń fi pè é. Nígbà tí ikùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lápá òsì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó dà bíi pé òun gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé, ẹ̀rín sì tán.

Ẹ̀rín náà yára tán nítorí pé ikùn wíwú ló pa ìyá wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà náà, Ọ̀gá Fọ́ọ̀mù, tó ń pè ní Bọ̀dá, sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó wà nínú ikùn ọ̀hún títí tí wọ́n fi gbé e sin. Láti ìgbà yẹn ni Bọ̀dá ti di bàbá fún un. Òun ló kọ fọ́ọ̀mù ilé ìwé rẹ̀, òun ló kọ ti ìdánwò, òun ló kọ ti báǹkì àti ti ṣọ́ọ̀bù tó háyà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó buwọ́ lùwé níbi tí wọ́n kọ "ìyàwó" sí.

Nítorí náà, nígbà tí àwòrán ikùn fi hàn pé àpò olómi kan wà lára ilé ẹyin rẹ̀ lápá òsì, tó tóbi tó ọsàn ńlá, tí wọ́n sì ní kó lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, fọ́ọ̀mù tí wọ́n mú jáde kò dé ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rárá. Bọ̀dá ti gbà á. Ó ti fi gíláàsì sójú, ó ti ń kọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó tì í, ó fi báàgì tẹ ikùn nítorí inú tó ń fún un. Ọjọ́ kejì nǹkan oṣù rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ kejì sì ni tirẹ̀ máa ń le jù. Ó ṣàkíyèsí pé kálámù Bọ̀dá dúró lójú kan. Bọ̀dá wo àjà, ó wúkọ́, ó kọ nǹkan kúkúrú kan, ó sì tẹ̀ síwájú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rò pé bóyá nọ́ńbà fóònù òun ló gbàgbé.

Ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ náà kò sọ nǹkan kan fún un ju pé kó di ẹ̀ṣẹ́. Ó wá sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́kàn pé kí òun sọ ohun tó ń ṣe òun lọ́jọ́ náà, bóyá ó ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá dúró tì í gbọnin, ó di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ tó ká sókè mú bí ẹni tó di àsíá mú. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹni tó wẹ̀ ẹ́ ní kékeré? Ó gbé e mì.

Ọjọ́ kẹrin ni dókítà pè wọ́n. Dókítà náà ò burú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlá sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CA-125. Kò sẹ́ni tí kò ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń mú un lọ sókè. Bí kò bá tíì tó márùndínlógójì, ọkàn àwọn máa ń balẹ̀. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó ní àwọn kì í fi òun nìkan dájọ́, àwọn máa ń fi ohun tí àwòrán fi hàn sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á tún fi nǹkan kẹta kún un. Ibi tó ti fẹ́ sọ nǹkan kẹta ọ̀hún ni Bọ̀dá ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní kí dókítà kúkú sọ ibi tó já sí fún àwọn. Dókítà kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan: 88 × 1 × 3 = 264. Ó ní ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá igba, àwọn oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn ńlá ni àwọn máa ń fi í ránṣẹ́ sí. Wọ́n á la ikùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á yọ ilé ọmọ, wọ́n á yọ ilé ẹyin méjèèjì, wọ́n á sì yọ ọ̀rá tó bo ìfun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àyè wà.

"Ṣé kò ní ṣeé ṣe lónìí?" ni Bọ̀dá wí.

Dókítà béèrè bóyá wọ́n ní ìbéèrè. Bọ̀dá ní kò sí. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, jẹjẹrẹ, ló ń ro kìì ní etí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ títí tó fi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ló mú bébà kékeré náà lórí tábìlì, kì í ṣe òun. Bí wọ́n ṣe ń lọ nínú ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ọmọ náà ń múra ìdánwò àṣekágbá, kò sì tíì sọ nǹkan kan fún un. Ó ń ṣírò iye ọdún tí ọmọ náà fi ju ọmọ ọdún mọ́kànlá tí òun jẹ́ nígbà tí ìyá òun kú lọ. Ìṣirò náà kò tù ú nínú.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Síkẹ́ẹ̀tì kan wà lórí tábìlì tó yẹ kó gé, ó sì tẹ́ téèpù lé e. Àmọ́ bébà dókítà ló ń wò.

Nọ́ńbà ni iṣẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó sì ní òfin kan tí kì í rú: kì í fi nọ́ńbà tí kò mọ ibi tí téèpù gbà kọjá gé aṣọ. Ohun tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n ni ọkọ ìyàwó kan tó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkèèrè. Ìyá ọkùnrin náà ló wọ̀n ọ́n, orí kóòtù òtútù tó wọ̀ ló sì ti wọ̀n ọ́n. Ṣòkòtò tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rán lè gba ọkọ ìyàwó méjì àti ẹni tó ń gbé òrùka lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà náà, bó bá ti kọ nọ́ńbà, yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ta ló wọ̀n ọ́n àti ibi tó ti wá.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ. Lábẹ́ 88, ó kọ "ẹ̀jẹ̀". Lábẹ́ 1, ó kọ "àwòrán", nítorí dókítà ti sọ pé ohun kan péré ni àwọn rí nínú àwòrán tí àwọn kò fẹ́ràn, ìyẹn ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín àpò náà sí yàrá-yàrá. Ó dé abẹ́ 3. Kò mọ ohun tí yóò kọ.

Ó jókòó tì í fún bí ìdajì wákàtí. Bí mẹ́ta yìí bá kúrò ńbẹ̀, ohun tó kù kò tó igba. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan náà ni. Gbogbo jẹjẹrẹ inú ìṣirò náà, orí mẹ́ta ló jókòó sí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún òun ibi tí mẹ́ta ti wá. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó ronú pé kí òun pe Bọ̀dá, ó sì mọ̀ pé bí òun bá pè é, Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ni yóò lọ béèrè, yóò sì dé pẹ̀lú ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn. Ó fi fóònù sínú báàgì. Nínú bọ́ọ̀sì, àyà rẹ̀ ń já bíi ti ọmọ tó sá kúrò ní ilé ìwé.

Dókítà ò tíì dé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba láàbù lọ. Obìnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Láàbù, ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sínú fíríìjì, ẹni tó sì ń wo ojú rẹ̀ kò ní fẹ́ dá a dúró. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí i, ó na bébà sí i láti ojú fèrèsé, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí mẹ́ta yẹn jẹ́.

"Ta ló ń béèrè?" Kò yíjú.

"Èmi tí mo ni ikùn náà ni, mà."

Màmá Láàbù yíjú. Ó nu ọwọ́, ó gba bébà náà, ó rí ṣọ́ọ̀kì tó wà lábẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣí ilẹ̀kùn kékeré fún un. Ó ṣàlàyé pé ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ṣì ń wá, ẹyọ kan ni wọ́n ń fún un, ẹyọ kan kì í sì yí nǹkan padà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dúró, mẹ́ta ni, nítorí pé àpò tó bá yọ lára ilé ẹyin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, àwọn máa ń fura sí i gan-an.

"Ṣùgbọ́n tèmi ò tíì dúró."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní kò tíì dúró, mà. Ọjọ́ tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi gan-an, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni."

Màmá Láàbù lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú fáìlì, ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà dára bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Kò sí fọ́ọ̀mù tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo fáìlì, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ronú láti bi í ní ìbéèrè. Níwájú ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ tí nǹkan oṣù dé kẹ́yìn, àwọn ọ̀rọ̀ méjì ló wà: *Ti dúró*.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin."

"Ta ló sọ fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún un, mà. Kò lè bi mí ni. Kò sì lè fi àyè sílẹ̀."

Màmá Láàbù wò ó, ó wo fọ́ọ̀mù, ó tún wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ó sì rí i pé ẹ̀rín ò tíì tọ́. Ó ní kó jókòó. Ó sọ fún un pé nǹkan oṣù fúnra rẹ̀ a máa gbé nọ́ńbà yìí sókè, pàápàá lára àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù wọn ń rìn lọ síbi tí kò yẹ nínú ikùn, tó sì ń kó jọ sínú àpò. Ó wá fúnra rẹ̀ gba fóònù pe dókítà, kò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é.

Nígbà tí dókítà dé, kò sọ̀rọ̀ kíákíá mọ́. Ó mú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ yàrá, ó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà lórí fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó ní òun náà ló jẹ̀bi, pé ó yẹ kí òun ti bi ẹni tó ni ara. Ó fa ìlà sórí mẹ́ta, ó kọ ọ̀kan sí i: 88 × 1 × 1 = 88.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mà," ni dókítà wí. "Mi ò sọ pé kò sí nǹkan burúkú ńbẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé ohun tí a rò pé a mọ̀ lánàá, a ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹwàá sí òní, nígbà tí nǹkan oṣù bá ti lọ pátápátá. Wọ́n á tún CA-125 wọ̀n, wọ́n á sì wọn òmíràn tó ń jẹ́ HE4 tì í, èyí tí nǹkan oṣù kì í fi bẹ́ẹ̀ yí lórí. Bí méjèèjì bá tutù, iṣẹ́ abẹ kékeré ló kù, àpò náà nìkan ni wọ́n á sì yọ. Orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, kò sì fẹ́ kó tètè fúyẹ́. Ó ń bá ara rẹ̀ wí lójú ọ̀nà pé èèyàn kì í dúpẹ́ ẹran tí kò tíì kú.

Wọ́n ti ń dúró dè é lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá gbé báàgì tuntun kan lọ́wọ́ tó kó táwẹ́ẹ̀lì, ọṣẹ àti sálúbàtà sí, ìwé tó to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ sì wà lára báàgì náà. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ojú rẹ̀ ti wú. Bọ̀dá béèrè pé níbo ló lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó ní kí wọ́n wọlé jókòó. Ó ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ tí yóò yí ká tí kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ó la ẹnu, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ.

"Bọ̀dá, kò tíì dúró o."

"Kí ni ò tíì dúró?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wò ó. Ó rí i tí ìbéèrè náà ń rìn nínú orí Bọ̀dá láti fọ́ọ̀mù kan dé ìkejì, títí tó fi dé ojú ìlà tí kálámù ti dúró. Bọ̀dá gbé báàgì náà lé itan.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa mẹ́ta, nípa ọ̀kan, nípa igba tí ìṣirò kò dé mọ́. Bọ̀dá kò gbé orí sókè. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ni mo fẹ́ wí? Àbúrò, nǹkan oṣù rẹ ńkọ́? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ehín rẹ ń yọ?"

"Ẹ ò bá bi mí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo wà nílé. Èmi mọ̀."

"Wọ́n ní ká kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ wá kọ ọ́ pé ó ti dúró. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù tèmi. Ẹ máa sọ pé mo ti kú kí àyè má baà ṣófo."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ikùn dùn ún gan-an, ìrora apá òsì náà gún un, síbẹ̀ kò lè dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di tábìlì mú. Bọ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sáàárín aṣọ tí wọ́n ti gé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sí orí táwẹ́ẹ̀lì tuntun, kò sì mọ̀ pé ó ń bọ́. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ lọ. CA-125 ti sọ̀ kalẹ̀ dé mọ́kànlélógójì. HE4 wà níbi tó yẹ kó wà. Màmá Láàbù fúnra rẹ̀ mú ìwé náà jáde, ó ní mọ́kànlélógójì ọ̀hún ṣì ga díẹ̀, ṣùgbọ́n irú gíga báyìí, ohun tí òun rò pé ó wà nínú àpò náà lè gbé e bẹ́ẹ̀. Ohun tó rò náà ni wọ́n bá lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gba ihò kéékèèké mẹ́ta wọlé, wọ́n sì yọ àpò náà láìfọwọ́ kan ilé ọmọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ki, ó sì pọ́n dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó: ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ti ń kó jọ síbẹ̀ lóṣooṣù láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Dókítà ní ojú òun ò rí nǹkan burúkú, àmọ́ ojú òun kọ́ ló máa dájọ́. Wọ́n kó awọ àpò náà lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo nǹkan tí ojú ò rí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dúró. Nínú gbogbo nǹkan, mẹ́sàn-án yìí ló gùn jù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Bọ̀dá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun tẹ̀ lé e, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó sì pa àdéhùn mọ́. Ó jókòó ní igun yàrá dókítà, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún bí ọmọ tí wọ́n ní kó máà fọwọ́ kan nǹkan. Dókítà kò jẹ́ kí wọ́n jókòó tán kó tó sọ ọ́. Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Kò sí níbì kankan nínú awọ náà. Kí wọ́n máa wá fi ara han òun lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó tán.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ.

Láti igun ni Bọ̀dá ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní ìyá àwọn, tí ikùn rẹ̀ wú ní ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn, ṣé irú èyí ni. Dókítà ní òun ò lè mọ̀. Kò sẹ́ni tó wọn nǹkan kan lára rẹ̀. Bọ̀dá mi orí. Ó jọ pé ìyẹn náà tó fún un, pé ẹnì kan sọ fún un pé òun ò mọ̀.

Wọ́n jáde lọ sí ibùdókọ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pe ọmọ rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà bínú gidigidi pé wọn ò sọ fún òun, ó sunkún, ó tún bínú, ó wá béèrè bóyá òótọ́ ni pé Bọ̀dá ló kọ ọ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Bọ̀dá ti fi orí ti ògiri ibùdókọ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ti sùn. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ àrùn náà, orí àga ni ọkùnrin náà ń jókòó sí di òwúrọ̀.

Bọ́ọ̀sì tiwọn dé, ó dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi ọwọ́ sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kọjá. Oòrùn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ibi ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ó tún fi ọwọ́ sọ fún òun náà pé kó máa lọ.